Oògùn Biologic Àkọ́kọ́ Gbòdì Lára Mi: Ohun Tí Mo Kọ́ Kí N Tó Bọ́ Sórí Òmíràn

Mo ń kọ èyí fún ẹnikẹ́ni tó bá ń lo oògùn biologic (abẹ́rẹ́ tàbí dríìpù tí wọ́n fi protein ṣe, màá ṣàlàyé ẹ̀ nísàlẹ̀), pàápàá ẹni tí oògùn náà ti gbòdì lára ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tó wá ń rò ó pé ó ti parí fóun nìyẹn. Kò tíì parí. Àmọ́ àwọn nǹkan kan wà tó yẹ kéèyàn mọ̀ kó tó bọ́ sórí òmíràn, èmi ò sì rí ẹni sọ wọ́n fún mi títí ọ̀rọ̀ fi dójú ẹ̀.

Làkúrègbé ni tèmi, èyí tí wọ́n ń pè ní rheumatoid arthritis, kì í ṣe ti ọjọ́ ogbó o, èyí tó jẹ́ pé àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn ló ń kọjú ìjà sí oríkèé. Àárọ̀ ló máa ń burú jù. Ọwọ́ á le gbagidi, mi ò ní lè ṣí ìdérí ìgò, mi ò ní lè de bọ́tìnnì aṣọ ara mi, oòrùn á ti mú kí àwọn ìka yẹn tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Methotrexate, oògùn tó ń rẹ àwọn ọmọ ogun ara sílẹ̀, ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ (ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lo methotrexate fún làkúrègbé, ẹni tó bá ń lò ó lójoojúmọ́ lè bá a kú) pẹ̀lú folic acid. Ó gbìyànjú, àmọ́ agbára ẹ̀ ò ká a. Ìgbà yẹn ni dókítà oríkèé ní ká fi infliximab, oògùn biologic kan, kún un.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé díẹ̀ níbí, torí tí èyí ò bá yé èèyàn, ìyókù ò lè yé e. Biologic kì í ṣe oògùn oníkóró bíi paracetamol. Protein ńlá ni, inú sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè ni wọ́n ti ń ṣe é, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í gbé e mì, torí inú á kàn lọ̀ ọ́ mọ́ oúnjẹ ni, abẹ́rẹ́ tàbí dríìpù ló máa ń gbà wọlé. Nǹkan kan wà nínú ara wa tí wọ́n ń pè ní TNF, òun ló máa ń lu ìlù ogun fún àwọn ọmọ ogun ara nígbà tí kòkòrò àrùn bá wọlé. Lára àwa tí a ní àìsàn yìí, ìlù yẹn kì í dákẹ́. Ohun tí infliximab ń ṣe ni pé á lọ di TNF yẹn mú kó má lè rí ìlù lù mọ́. Àmọ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin infliximab, ti eku ni, ìdá mẹ́ta tó kù ni ti èèyàn. Ara lè wò ó kó ní àjèjì lèyí, kó wá ṣe antibody (ohun ìjà tí ara fi ń kọ àjèjì) jọ dè é. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n yẹ̀ mí wò fún ikọ́ ife àti hepatitis B, torí oògùn tó bá ń di TNF mú lè jí ikọ́ ife tó ti sùn sínú ara dìde. Wọ́n fa dríìpù àkọ́kọ́, ìkejì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, ìkẹta ní ọ̀sẹ̀ 6, lẹ́yìn ìyẹn ó wá di ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ-mẹ́jọ, nǹkan bíi wákàtí 2 ni wọ́n sì máa ń fi fà á. Ó ṣiṣẹ́ fún mi gan-an. Mo padà ń fọṣọ, mo padà ń di irun ọmọ mi.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀dọ̀fóró mi kó kòkòrò àrùn. Ikọ́, ibà, wọ́n dá mi dúró sí ọsibítù. Wọ́n ní ká dá infliximab dúró, ká dá methotrexate náà dúró, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, torí kò yẹ kéèyàn máa rẹ àwọn ọmọ ogun ara sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ja ìjà gidi. Àmọ́ ìdádúró yẹn gùn, oṣù ń yí lu oṣù, mo sun ọjọ́ síwájú, àwọn náà sun ọjọ́ síwájú, nígbà tí làkúrègbé wá ru padà ni a sáré padà sí dríìpù bí ẹni pé a ò dá nǹkan kan dúró rí. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé àlàfo yẹn gan-an léwu. Nígbà tí oògùn bá kúrò lára pátápátá tó tún ṣàdédé wọlé padà, tí methotrexate tó máa ń bá wa rẹ antibody sílẹ̀ ò sì sí níbẹ̀, ìgbà yẹn ni ara máa ń ní àkókò láti múra dè é.

Dríìpù tó tẹ̀ lé àlàfo yẹn, ojú mi kàn gbóná, àtẹ́lẹwọ́ mi ń yún mi. Nọ́ọ̀sì rí i pé mò ń fi ọwọ́ ra aṣọ, ó bi mí pé, "Mà, ṣé ara ń yún yín ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dín bí omi yẹn ṣe ń kán kù, ó fún mi ní oògùn ara yíyún, ó sì lọ. Wọ́n parí ẹ̀, mo lọ sílé, gbogbo wa gbà pé kò sí nǹkan kan.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ẹ̀ ni párì mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Mo ní bóyá eyín ni. Ó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ibà dé, ọwọ́ méjèèjì wú débi pé òrùka ò ṣeé yọ, ara mi lé, ó pọ́n láti itan dé ikùn, gbogbo oríkèé ń ro mí, kódà àwọn tí àìsàn ò dé rí. Bàbá àwọn ọmọ fi fóònù ya ara mi àti ọwọ́ mi tó wú, ó ní kí dókítà lè rí i tó bá fi máa lọ kí a tó débẹ̀. Ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wa la lọ, wọ́n ní làkúrègbé ló ru sókè, tàbí kòkòrò àrùn kékeré kan, wọ́n fún mi ní oògùn ìrora. Ó lọ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Kò sẹ́nì kankan tó bi mí pé ìgbà wo ni mo gba dríìpù gbẹ̀yìn.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró sí díẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé tí oògùn bá máa gbòdì, ojú ẹsẹ̀ ló máa gbòdì, tí o bá ti délé láyọ̀, o ti bọ́. Ti infliximab lè wá lẹ́yìn ọjọ́ 3 títí dé ọjọ́ 12: ibà, ara lílé, párì dídùn, ojú àti ọwọ́ wíwú, ọ̀fun tó ń ṣòro láti gbé nǹkan mì, orí fífọ́. Ó sì jọ làkúrègbé débi pé á tan onílé, á tan àlejò. Tí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oògùn yìí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìyẹn ni kó kọ́kọ́ sọ fún dókítà kó tó sọ ibi tó ń dùn ún.

Dríìpù tó tẹ̀ lé e ni mi ò lè gbàgbé. Wọ́n ti fún mi ní hydrocortisone àti oògùn ara yíyún ṣáájú, wọ́n ní torí ara tó yún mi nígbà tó kọjá. Dríìpù ò tíì lọ jìnnà rárá tí àtẹ́lẹwọ́ mi tún bẹ̀rẹ̀, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí ó gun apá, ó dé àyà, ètè mi wúwo, ọ̀fun mi ń sé, mi ò lè mí délẹ̀. Ẹ̀rù kan wá bà mí tí mi ò lè ṣàpèjúwe, ọkàn mi kàn ń sọ pé ikú rèé. (Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ fún mi pé ẹ̀rù òjijì yẹn gan-an wà lára àmì ẹ̀, kéèyàn má kà á sí ojo.) Mo pariwo pé, "Nọ́ọ̀sì, ọ̀fun mi ń fún o!" Ó sáré wá, ó ti omi yẹn pa, ó tẹ́ mi sílẹ̀, wọ́n gbé ẹsẹ̀ mi sókè, wọ́n gún mi ní adrenaline (abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gba ẹ̀mí ẹni tí oògùn bá gbòdì lára ẹ̀ báyìí) ní itan, lórí aṣọ gan-an. Mo ń gbọ́ tí wọ́n ń pe iye BP mi, ó ń lọ sílẹ̀. Wọ́n tún gún mi lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn ẹ̀ ni àyà mi wá là, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, adrenaline máa ń jẹ́ kéèyàn gbọ̀n, kò sí ẹni tó sọ fún mi, mo rò pé òmíràn tún ti dé ni. Wọ́n ní mi ò lè lọ sílé, torí ó lè tún padà wá lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, mo sun ibẹ̀ mọ́jú.

Ìwé tí wọ́n fún mi nígbà tí mò ń lọ, ohun tó wà níbẹ̀ ò ju pé oògùn inú dríìpù kọ̀ mí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kà á tó ní a ò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó béèrè, ó fi ọ̀wọ̀ béèrè, ó sì dúró tì wọ́n títí wọ́n fi kọ orúkọ oògùn, ìwọ̀n ẹ̀, ọjọ́, ìṣẹ́jú mélòó tó ti ń wọlé kí nǹkan tó bẹ̀rẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní títẹ̀ lé ara wọn, BP, àti ohun tí wọ́n fi tọ́jú ẹ̀. Nígbà yẹn mo rò pé ó ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ìwé yẹn ló wá là mí lójú gbogbo ọ̀nà.

Àwọn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e le. Infliximab ò sí mọ́, làkúrègbé sì ti rí àyè, prednisolone, oògùn steroid tó jọ èyí tí ara fúnra ẹ̀ ń ṣe, ni wọ́n fi tì mí lẹ́yìn. Ó dín ìrora kù lóòótọ́, àmọ́ oorun ò wá mọ́, ebi ń pa mí lóru, ojú mi wú. Mo fẹ́ jáwọ́ nínú ẹ̀ lọ́jọ́ kan, dókítà ní mi ò gbọdọ̀ dédé fi í sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀ la máa ń rọra dín in kù torí ara á ti sinmi ṣíṣe tiẹ̀. Èyí tó wá burú ju ìrora lọ ni ẹ̀rù. Tí mo bá rí abẹ́rẹ́, àyà mi á já. Wọ́n dárúkọ biologic mìíràn, mo ní ẹ dákun, ẹ jẹ́ n máa jẹ̀rora mi, ìrora ò tíì sé mi lọ́fun rí. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló wà níbi tí mo wà yẹn tí wọn ò kúrò níbẹ̀ mọ́, tí oríkèé wọn ń bàjẹ́ lọ, oríkèé tó bá sì ti bàjẹ́ kì í padà sí bó ṣe wà.

Ohun tó yí ọkàn mi padà ni ọjọ́ tí mo padà lọ bá dókítà oríkèé. Mo gbé ìwé yẹn fún un, bàbá àwọn ọmọ sì na fóònù sí i, àwọn fọ́tò ara mi tó lé yẹn. Ó wò ó títí. Ó ní, "Ọjọ́ wo lẹ ya èyí?" Ọjọ́ wà lórí fọ́tò. Ó ṣí fáìlì mi, ó wo ọjọ́ dríìpù, ó fi ìka ka ọjọ́ tó wà láàárín wọn lórí kàlẹ́ńdà, ó sì gbé orí sókè pé, "Mà, èyí kì í ṣe làkúrègbé. Oògùn yẹn náà ni." Ó ní ká yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kì í ṣe fún àìsàn, fún infliximab fúnra ẹ̀: mélòó ló kù nínú ara, ṣé ara sì ti ṣe antibody sí i. Èsì dé, oògùn tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ kò tó ohun tí ẹ̀rọ lè rí, antibody sì pọ̀ rẹpẹtẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ibí yìí dáadáa, torí òun ló ń pinnu oògùn tó kàn. Ẹni tí oògùn ò ṣiṣẹ́ fún bó tilẹ̀ jẹ́ pé oògùn pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ tí kò sì sí antibody, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé TNF kọ́ ni olórí ìṣòro tiẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọ̀nà mìíràn pátápátá ni wọ́n sábà máa ń wá: rituximab tó ń lé àwọn sẹ́ẹ̀lì B (irú ọmọ ogun ara kan), tocilizumab tó ń dí ọ̀nà IL-6 (onílù ogun mìíràn bíi TNF), abatacept tó ń di àwọn sẹ́ẹ̀lì T (irú ọmọ ogun ara mìíràn) lọ́wọ́. Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. Dídi TNF mú ti ṣiṣẹ́ fún mi tẹ́lẹ̀, ẹni tó ń di í mú ni ara mi kọ̀. Dókítà ní antibody tí ara mi ṣe, infliximab ló mọ̀, kì í sábà dá oògùn mìíràn mọ̀, kódà tí wọ́n bá jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ó dárúkọ adalimumab àti etanercept. Kò sí ti eku nínú èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì.

Apoògùn ọsibítù ló tún fi nǹkan kan kún un tí mi ò rò rí. Ó ní kì í ṣe oògùn nìkan ló wà nínú ìgò, àwọn nǹkan tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀ kó má bàjẹ́ náà wà níbẹ̀, wọ́n sì lè gbòdì lára ẹlòmíì. Ó mú ìwé inú páálí infliximab, ó fi hàn mí pé polysorbate 80 wà nínú ẹ̀, adalimumab náà ní i. Etanercept tí wọ́n ní lọ́wọ́ kò ní i. Kò sọ pé òun ló fà á, antibody yẹn ti tó láti ṣàlàyé ẹ̀, àmọ́ ó ní nígbà tí ọ̀nà méjì bá wà, ẹ jẹ́ ká gba èyí tí ohun tó jọra kéré jù níbẹ̀. Ó tún bi mí bóyá rọ́bà latex máa ń yún mi lára, torí ìdérí abẹ́rẹ́ àwọn kan ní i. Òun náà ló kọ́ mi pé infliximab ní orúkọ púpọ̀ lórí páálí, Remicade, Inflectra, Renflexis, infliximab ni gbogbo wọn, ara tó bá ti kọ ọ̀kan bẹ́ẹ̀ yẹn kò gbọdọ̀ gba èkejì. Látìgbà yẹn, orúkọ oògùn gan-an ni mo ń sọ, mi ò ń sọ orúkọ ara páálí.

Wọ́n tún mi yẹ̀ wò fún ikọ́ ife kí a tó bẹ̀rẹ̀. Mo bẹ̀bẹ̀ pé ọsibítù ni kí wọ́n ti gún mi ní àkọ́kọ́, wọ́n gbà. Etanercept la mú, 50 mg, abẹ́ awọ, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Adrenaline wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ní kí wọ́n gbé e síbi tí mo ti lè rí i. Ó ta mí bíńtín. Mo jókòó, mò ń wo àtẹ́lẹwọ́ mi, mò ń gbé itọ́ mì léraléra láti mọ̀ bóyá ọ̀fun ṣì ṣí. Kò sí nǹkan kan. Mo sunkún níbẹ̀, nọ́ọ̀sì dì mí mọ́ra.

Ìgbà tí mo wá ń gún un fúnra mi nílé, lẹ́yìn ìgbà bíi mélòó kan, mo jí lọ́jọ́ kan, mo rí i pé ibi tí mo gún ní itan ti pọ́n, ó wú, ó ń yún. Ẹ̀mí mi fò lọ. Ohun tí mo ṣe ni pé mo mú bírò, mo fa ìlà yí etí ibi tó pọ́n ká, mo kọ aago tó lù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mo yà á, mo pe ọsibítù. Nọ́ọ̀sì ní irú ẹ̀ wọ́pọ̀ gan-an ní oṣù àkọ́kọ́, ojú ibi tí abẹ́rẹ́ gbà wọlé nìkan ló mọ sí, ọjọ́ díẹ̀ á lọ. Ó ní kí n máa wo ìlà bírò yẹn, kí n sì sáré wá tí ara bá lé níbòmíràn, tí ètè tàbí ojú bá wú, tí èémí bá ṣòro, tàbí tí ibà bá dé. Pupa yẹn ò kọjá ìlà, ó ń sá sínú díẹ̀díẹ̀ ni. Ìlà bírò yẹn ló jẹ́ kí n lè sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Inú fíríìjì, 2 sí 8 °C, ni mo máa ń tọ́jú ẹ̀ sí, kò gbọdọ̀ di yìnyín, mi ò sì kì í gbé e sára ògiri ẹ̀yìn fíríìjì torí ibẹ̀ ló máa ń dì. Kí n tó gún un, mo máa gbé e síta fún nǹkan bí ìdajì wákàtí kí òtútù ẹ̀ lọ, torí tó bá tutù ó máa ń ta jù. Mi ò kì í fi omi gbígbóná yá a, mi ò kì í mì í. Itan ọ̀tún, itan òsì, ikùn, mò ń pààrọ̀ ibẹ̀, tó bá jẹ́ ikùn ó gbọ́dọ̀ jìnnà sí ìdodo tó sẹ̀ǹtímítà 5. Methotrexate mi náà padà, òun àti etanercept jọ ń ṣiṣẹ́ dáadáa ju kí etanercept dá wà lọ.

Kò yára o. Ẹni tó bá ń retí pé ọ̀sẹ̀ kan á tó, kó fara balẹ̀, ó lè gbà tó oṣù mẹ́ta kó tó hàn dáadáa. Tèmi, ọwọ́ òsì ló kọ́kọ́ tú, ọ̀tún ṣì le fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, mo ti ń rò pé kò ní ṣiṣẹ́, kó tó di pé mo ṣàkíyèsí pé mo ti de bọ́tìnnì tán láìmọ̀. Prednisolone ti kúrò báyìí.

Tí ibà bá mú mi tàbí ikọ́ tó ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀, mi ò kì í gún un, mo máa pè wọ́n. Mi ò kì í gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tí kòkòrò inú ẹ̀ ṣì wà láàyè, bíi ti ibà pọ́njúpọ́njú àti ti ìgbóná èèyí. Nígbà tí otútù àyà mú mi láìpẹ́ yìí tí wọ́n ní kí n dá a dúró, kí n tó gbé fóònù sílẹ̀ mo béèrè méjì: ọjọ́ wo la máa bẹ̀rẹ̀ padà, tó bá sì pẹ́ ju ìyẹn lọ ńkọ́, ṣé ilé ni mo ti máa gún un àbí lọ́dọ̀ yín? Dókítà ní kí n wá gún un lọ́dọ̀ àwọn, kí n jókòó díẹ̀ kí n tó lọ. Mo lọ, mo gún un, mo jókòó, mo sì padà sílé.